Bútà Tó Jò Kì í Ṣe Ẹ̀bi Yín

Ẹ̀yin bàbá mi tí mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀,

Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ bútà ṣèpàdé ní àná. Wọ́n gbà pé àwọn bútà tó jò nígbà ààwẹ̀ ọdún yẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Èèyàn márùn-ún ló jókòó, èmi ni ìkẹfà. Kò sẹ́ni tó gbóhùn sókè. Akọ̀wé wọn kọ ìpinnu náà sílẹ̀, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dìde: pé ẹni tó ń yẹ bútà wò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dójú àmì, pé àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣi ohun tó kọ kà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jáde, mo sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Kuje tiwa ní Amúwó, ojú ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà. Ẹ̀rín ni mò ń rín lọ. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé wọ́n bímọ nílé yín ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn sọ òpin ọ̀rọ̀ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ tò ó.

Ẹ ti lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, torí náà ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwa mẹ́ta la wà ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Festac, lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe nǹkan jáde la máa ń lọ bá. A ó gbé kámẹ́rà sórí ibi tí ọjà ń gbà kọjá, a ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó sì kọ́ kọ̀ǹpútà náà láti mọ èyí tó ní àbùkù yàtọ̀ sí èyí tó pé. AI lorúkọ tí ayé ń pè é. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Màámi ni pé ọmọ iṣẹ́ ni. A ó fi àwòrán hàn án lọ́pọ̀lọpọ̀, a ó máa sọ fún un pé èyí dára, èyí ò dára, títí tí òun náà á fi lè dá a mọ̀. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ́ ọ náà ló mọ̀. Bí ọ̀gá bá ṣì í kọ́, àṣìṣe náà ló máa fi ìgboyà ṣe.

Ilé iṣẹ́ bútà ló wá wa wá, èmi kọ́ ni mo wá wọn lọ. Nígbà tí mo rí orúkọ wọn nínú ìwé tí wọ́n kọ, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo mu omi, mo tún gbé e. Mo sọ fún Màámi lọ́jọ́ yẹn.

"Ibẹ̀ kan náà?"

"Ibẹ̀ náà ni, Màámi. Iṣẹ́ ni."

"Ó dáa. Tó o bá débẹ̀, má jókòó sórí àga wọn."

Mo jókòó, Bàámi. Ẹ má sọ fún Màámi tí ẹ bá wá sójú àlá wọn. Wáyà tí mo ní láti so pọ̀ jù.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé ọmọ yín ni mí. Ṣé ìtìjú ni? Mo ti bi ara mi. Mo rántí ìwé gbélé-ẹ tí wọ́n fún yín, tí wọ́n lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ pátákó ẹnu géètì kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè kà á: àìkíyèsára lẹ́nu iṣẹ́. Mo rántí orúkọ tí àwọn ọkùnrin tó ń já ẹrù fún yín lẹ́yìn náà, Alùfáà Ojú Ò Ríran. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dojú ife dé kí ẹ tó sùn kí ẹ lè wo ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé jọ́ọ̀gì omi onílé sókè tí a bá lọ kí wọn, tí ẹ ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ojú á sì máa ti èmi àti Màámi. Títí ẹ fi kú, ẹnikẹ́ni ò gba orúkọ yẹn kúrò lára yín. Nígbà tí a ń sin yín, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan lẹ́yìn mi. Torí rẹ̀ ni mo ṣe gba iṣẹ́ náà, bí mo tiẹ̀ sọ fún Màámi pé iṣẹ́ lásán ni.

Ẹni kan ṣoṣo ló dá mi mọ̀. Ìyá Rọ̀fíà, tí ẹ kọ́ níṣẹ́, ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ló ń darí àwọn tó ń yẹ bútà wò báyìí. Ọjọ́ tí mo dé, wọ́n yí mi po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró níwájú mi.

"Ọmọ Alùfáà kọ́ nìyí? Iwájú orí báyìí ò lè pé méjì ní gbogbo Amúwó."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ṣe àṣírí. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kí n wá jẹ ẹ̀pà.

Ọ̀nà tí ẹ fi sílẹ̀ ni wọ́n ṣì ń tọ̀. Káàdì mẹ́ta lẹ fi sílẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn àpò: O DARA, OKU DIE, DANU. Lẹ́tà gàdàgbà, kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ náà nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ń fi ti àárín ṣàwàdà. Òkú ni wọ́n ń kà á. Ẹ ó gbọ́ tí ọ̀kan á kígbe pé, "Ẹ gbé òkú Alùfáà wá síbí!" tí èkejì á fèsì pé, "Òkú mélòó ló kú lónìí?" Ọlọ́run forí jì mí, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ya àwòrán bútà láti inú àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rọ, Chidi, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Festac, yíjú sí mi. Ilé iṣẹ́ fẹ́ kí ẹ̀rọ pín ọjà sí ọ̀nà méjì péré, èyí tó máa lọ sí ọjà àti èyí tí wọ́n máa lọ̀ padà.

"Àǹtí, OKU DIE yìí ńkọ́? Ibo ni ká kó o sí?"

Mo dá a lóhùn láìronú. Mo ní ó túmọ̀ sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tán. Kó kó o mọ́ èyí tó dára.

Ó kó o mọ́ ọn. Ó fọkàn tán mi, torí èmi ni ọmọ Yorùbá láàárín wa.

Ọjọ́ tí a dán ẹ̀rọ wò, ó yá ju bí mo ṣe rò lọ. Bútà ń kọjá lábẹ́ kámẹ́rà, iná aláwọ̀ ewé ń tàn, iná pupa ń tàn, ẹnu ya àwọn òṣìṣẹ́. A kó àwọn tí ẹ̀rọ ní ó dára jọ, a rọ omi sínú wọn, a tò wọ́n sórí sìmẹ́ńtì. Nígbà tí a padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ tutù. Ìdí àwọn kan ń sun omi díẹ̀díẹ̀, omi inú àwọn mìíràn ti jò tán pátápátá.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ níbẹ̀ wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Madam, ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ojú ẹ̀ ń ríran ṣá?"

Kò mọ ohun tó sọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ ni, kò bá yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ di ara tábìlì mú.

Ìyá Rọ̀fíà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n mú bútà mẹ́rin, wọ́n yí ìdí wọn síta, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí Chidi fi àwòrán tí a fi kọ́ ẹ̀rọ náà han àwọn. Ó fi hàn wọ́n.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ pò wọ́n pọ̀?"

"Èmi ni, mà. Ṣé kì í ṣe pé ó ku díẹ̀ kí wọ́n dára ni?"

"Háà! Ó ku díẹ̀ káàtó ni Alùfáà ń wí! Káàdì yẹn ló kéré tí wọn ò fi rí àyè kọ ọ́ tán. Èyí tó bá ní ihò, DANU ni. OKU DIE lèyí tójú ẹ̀ dáa tídìí ẹ̀ ò dáa. Ìyẹn gan-an ló ń dójú ti èèyàn lójà. Ìwọ ọmọ yunifásítì, ṣé o ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Chidi rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ó ní látọjọ́ tóun ti ń gbé láàárín Yorùbá, òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ pé nǹkan bàjẹ́ báyìí.

Èmi jókòó sórí àga tí Màámi ní kí n má jókòó sí.

Torí mo mọ̀ ọ́n, Bàámi. Kò sẹ́ni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ wo máàkì ìṣirò mi, ẹ ní, "Ó ku díẹ̀." Mo lọ káàkiri àdúgbò, mo ń sọ fún wọn pé bàbá mi ní ó ku díẹ̀ kí n gba ipò kìíní. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ fà mí lọ́wọ́ lọ sílé tíṣà, ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀dọ́kùnrin àkọ́kọ́ tí mo mú wálé ńkọ́? Ẹ bu ẹran ńlá sí abọ́ rẹ̀, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ẹ padà wọlé, ẹ ní, "Ó ku díẹ̀." Ọdún kan gbáko ni mo fi dúró de díẹ̀ tó kù. Kí ló dé tí ẹ ò lè sọ ọ́ tán? Ẹ kì í pe nǹkan ní burúkú. Ẹ̀rù ha ń bà yín ni, àbí àánú nǹkan náà ló ń ṣe yín?

A tún gbogbo rẹ̀ ṣe. A yọ àwọn àwòrán OKU DIE kúrò lára èyí tó dára, a kó wọn sí àyè tiwọn, Ìyá Rọ̀fíà sì jókòó tì wá. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń bi wọ́n léèrè àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́. Nígbà tí a tún rọ omi sínú bútà, ilẹ̀ gbẹ. A tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ gbẹ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi pa ilẹ̀ náà láti ìkángun dé ìkángun, eruku nìkan ló lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ náà ò sì dúró lórí kó kàn máa mú èyí tó bàjẹ́. A ní kó wo wákàtí tí wọ́n ṣe bútà kọ̀ọ̀kan, kó sọ ìgbà tí àbùkù ń pọ̀ fún wa. Ó fi hàn pé kété lẹ́yìn tí iná ìjọba bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ bá gbà á ni OKU DIE máa ń dé. Nígbà yẹn, rọ́bà tó ń yọ́ ti tutù díẹ̀. Tí àpótí irin tí wọ́n fi ń ṣe bútà bá wá padé mọ́ ọn, tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, bútà á dúró, á dán, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ò ní lẹ̀ pọ̀ dáadáa. Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Rọ̀fíà bí ẹni tó rí wúrà. Ẹ̀pà ni wọ́n ń bó.

"Bàbá ẹ ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Tíná bá ti lọ, wọ́n á na ọwọ́ sókè báyìí, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má tíì gbé nǹkan kan wá. Wọ́n ní ìdí ń tutù. Àwa rò pé ìdí tiwọn ni wọ́n ń wí!"

Báyìí, tí iná bá lọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á dá iṣẹ́ dúró títí rọ́bà á fi gbóná tó. Ọjọ́ kọkànlá nìyí tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bútà kan ò tíì kúrò níbẹ̀ kó jò. Ẹ̀rọ tó ń lọ rọ́bà padà ń ráyè sinmi. Ọ̀gá tó bú ojú ẹ̀rọ ti ń mú àlejò wá wò ó, ó sì ń ṣàlàyé OKU DIE fún wọn bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò lórí ẹ̀rọ. Bí èmi ọmọ yín bá lè ṣi ọ̀rọ̀ yín kà, ta ló tún ṣì í kà ṣáájú mi?

Mo lọ bá obìnrin tó ń bójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo padà, fáìlì yín ti wà lórí tábìlì. Eruku wà lára rẹ̀, ó sì ti fi aṣọ nù ún kí n tó dé, mo rí ojú ibi tó nù. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín wà níbẹ̀: pé ẹ yẹ àwọn àpò bútà kan wò, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà nígbà ààwẹ̀, wọ́n sì jò mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ nídìí àlùwàlá. Èsì yín jẹ́ ìlà kan: "Mo ti kọ ọ́ sórí káàdì."

Ẹ̀rí tí wọ́n fi mú yín ni káàdì náà. Oníbàárà ló dá a padà pẹ̀lú àpò, wọ́n sì fi pín-ìn-nì gún un mọ́ ìwé. Ìpata irin rẹ̀ ti wọ ara káàdì. Ìwé ọwọ́ yín. OKU DIE.

Bàámi, ìlà kan? Ẹ̀yin tí ẹ lè fi wákàtí kan ṣàlàyé bí a ṣe ń ká ẹní? Ṣé ẹ rò pé ó hàn tó bẹ́ẹ̀ ni, àbí ẹ ń dúró de ẹni tó máa béèrè?

Ẹni tó ń ṣètọ́jú sítọ̀ọ̀ nígbà yẹn, Bọ̀dá Folúṣọ́, ń gbé ní Abúlé Adó báyìí. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ń tọ́jú adìẹ lẹ́yìnkùlé. Mo fi àwòrán káàdì náà hàn wọ́n lórí fóònù mi, mo sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n kà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Pé ó ku díẹ̀. Mo rò pé àpò ò kún ni. Mo bá bù kún un látinú èyí tó dáa, mo ní kí wọ́n kó o sọ́kọ̀."

"Ẹ ò bi wọ́n, sà?"

"Alùfáà ti lọ kírun. Awakọ̀ sì ti ń fun fèrè mọ́ mi lórí."

Wọ́n da oúnjẹ adìẹ tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní, "Ṣé torí ẹ̀ ni wọ́n fi lé Alùfáà? Wọ́n sọ fún mi pé ojú wọn ló ti ń ṣú."

Mo ní torí ẹ̀ ni, sà. Mo ti múra láti bínú sí wọn, mo tiẹ̀ ti ro ohun tí mo máa sọ láti Mile 2. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ni èmi náà ṣe, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ rán mi lọ kà. Wọ́n béèrè fún bírò. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì ní tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ rí àwọn lójúkojú, àwọn á wá. Wọ́n wá sí ìpàdé àná, nínú agbádá funfun. Àwọn ni ẹni karùn-ún.

Wọ́n bi mí ní ìpàdé pé kí ni mo fẹ́. Mo ní mo fẹ́ ìwé kan, tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀, tó sọ pé wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ àìkíyèsára yẹn padà, kí wọ́n sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ pátákó ẹnu géètì, níbi tí wọ́n lẹ ti àkọ́kọ́ mọ́. Ọ̀gá kan ní ìyẹn ò ṣòro. Ìyá Rọ̀fíà, tí wọ́n pè gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ní tí kò bá ṣòro, kí wọ́n kọ ọ́ kí àwọn tó dìde. Wọ́n kọ ọ́. Èmi ni mo fi àmì ohùn sórí orúkọ yín, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í kà.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Màámi. Wọn ò sunkún. Wọ́n kó àwo tí wọ́n ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n tún un fọ̀, wọ́n ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i?"

Ọ̀gá àgbà nìkan ló lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì rìnrìn àjò. Mo pe obìnrin tó ń bójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní aago mẹ́rin ọ̀sán òní. Ó ní bàálù ọ̀gá ti balẹ̀, ìwé náà sì wà lókè pátápátá lórí tábìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí i kó wọ ọ́fíìsì.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà onídẹ̀ra ṣe ibùgbé yín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ń fi yín yangàn ní gbogbo Amúwó.